Ọmọ mi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun Brighton lásìkò òtútù: kí ni kí n bi í?

ÌyáAládìrẹ_Ìtòkú:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Sátidé. Ọmọ mi ọkùnrin ń kàwé ní Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: òun àtàwọn òyìnbó kan, àwọn mìíràn nínú wọn ti hewú pátápátá, gbogbo wọn wà nínú òkun. Nínú oṣù January yìí o! Yìnyín bo koríko etí ọ̀nà. Ṣòkòtò péńpé ló wà nídìí ọmọ mi, ó dé fìlà onírun, ó ń rẹ́rìn-ín, àgbọ̀n rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé n kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ.

Ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, n kò parọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbarà nígbà tó wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n omi tí oòrùn ti pa látàárọ̀ nìyẹn, èèyàn sì lè na ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níbẹ̀.

Mo pè é pé kó jáwọ́. Ó ní ara òun ti mọ́ ọn, pé láti September lòun ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní lọ́jọ́ tí òun bá wọ òkun, orí òun máa ń fúyẹ́, ìrònú ilé kì í sì í bo òun mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́, torí mo mọ bí nǹkan ṣe rí fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti pè mí, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn ní kí n gbé fóònù sílẹ̀ síbi tí òun á ti máa gbọ́ ariwo ọjà.

N kò fẹ́ máa pariwo lé e lórí lórí ohun tí n kò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ni kí n bi í tí màá fi mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe?

BàbáKékeré_Sapọ́n:

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ní tèmi, kó fi òkun sílẹ̀. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò ní sún mọ́ etí omi rárá. Bọ́ọ̀lù wà tó lè gbá, orí á fúyẹ́ náà.

ỌmọLísàbí:

Ẹ kúulé mà. Ẹ kúulé, bàbá.

Hove, tó so pọ̀ mọ́ Brighton, ni mo gbé, tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kí n tó padà wálé sí Òkè-Ìlẹ̀wó. Èmi náà wà lára àwọn tó ń wọ òkun yẹn láti ìgbà ooru wọn títí wọ inú òtútù. Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kó má jẹ́ pé ẹ̀rù nìkan lẹ máa fi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹ̀rù lóhùn ìyá wọn, wọn á kàn yé fi fídíò ránṣẹ́ ni. Wọn ò ní yé lọ.

Òótọ́ ni bàbá sọ nípa òmùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé òmùwẹ̀ lọ nínú omi tútù, ọ̀tọ̀ ni sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Wọ́n rò pé òtútù ló ń wọ eegun díẹ̀díẹ̀ títí ara á fi dì. Ìyẹn máa ń pẹ́ díẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kì í sábà tutù dé ibi tó ti léwu láàárín ìdajì wákàtí. Èémí lọ̀rọ̀ wà. Ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló léwu jù. Bí omi tí kò tó digiri 15 bá ṣàdédé kan àyà, ara á ta gìrì: èèyàn á fa èémí ńlá kan sínú, kò sì ní lè dá a dúró, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, àyà á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ru. Bí ẹnu bá wà lábẹ́ omi nígbà tí èémí àkọ́kọ́ yẹn ń wọlé, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi ń lọ. Bó ti wù kó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ tó, kò ní ráyè lò ó.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí omi náà ṣe rí: lásìkò yìí, òkun Brighton máa ń wà láàárín digiri 7 sí 10. Ẹ mú omi inú ọ̀rá tó ti sun inú fíríìjì mọ́jú, kẹ́ ẹ dà á sí igbá àyà. Bó ṣe rí nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ara ló kàn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi í ni bó ṣe ń wọ inú omi. Bó bá ní òun máa ń fò wọ̀ ọ́, tàbí òun máa ń ki orí bọ̀ ọ́, ẹ sọ fún un pé kó dá a dúró lónìí. Rírìn ni wọ́n ń rìn wọ̀ ọ́. Omi á dé orúnkún, á dé ìbàdí, èèyàn á dúró, á máa tú èémí síta gùn-ún. Èmi, oríkì ìyá mi ni mo máa ń kì. Màá dúró sínú omi tó dé ìbàdí, màá máa kì í sókè, àwọn òyìnbó á máa wò mí. Níbẹ̀rẹ̀, èémí á máa já mi lẹ́nu láàárín ọ̀rọ̀, n kò ní lè parí ìlà kan. Ìgbà tí mo bá ti lè ki ìlà mẹ́ta mẹ́rin láìjá, ìgbà yẹn ni mo tó máa tẹ̀ síwájú. Bí kò bá mọ oríkì, kó máa kọ orin ìjọ. Ohun tó bá máa jẹ́ kó mọ̀ pé èémí òun ti padà sípò ni kó lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí tẹ́ ò sì ní í wọ òkun, ẹ̀kọ́ tó kàn yín wà níbẹ̀: RNLI, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun níbẹ̀ láti ọdún 1824, ń kọ́ gbogbo èèyàn pé ẹni tó bá já sínú omi tútù kò gbọdọ̀ sáré lúwẹ̀ẹ́. Kó fẹ̀yìn lé omi, kó gbé orí sẹ́yìn kí omi bo etí, kó rọra máa fi ọwọ́ gbá omi, kó dúró títí èémí á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó pariwo, tàbí kó lúwẹ̀ẹ́ wá sétí òkun.

Ní ti "ara mi ti mọ́ ọn" tó sọ, kò parọ́, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Tipton ti Yunifásítì Portsmouth, tí kò jìnnà sí Brighton, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí èyí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá wọ omi tútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìtagìrì yẹn lè dín kù tó ìdajì. Èémí ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn o. Omi ṣì ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Ibi tó ti wá léwu ni pé, bí ìnira ìbẹ̀rẹ̀ bá ti fúyẹ́, èèyàn á rò pé òun lè pẹ́ sí i. Òkun yẹn kò sì tíì tutù tán. February sí March ló máa ń tutù jù, nígbà tí oòrùn ti ń padà tí òdòdó ti ń yọ ní ọgbà. Ẹni tó bá fi bí òde ṣe rí wọn òkun, ìnira ló ń wá.

Ẹ bi í bóyá ó máa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ́ ọwọ́ láti fi gbá omi, àwọn ìka máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tó bá yá, ìka tó kéré jù á yà kúrò lára èyí tó kù. Ẹ óò fẹ́ pa á pọ̀, kò ní pọ̀. Ẹ óò rí i lójú yín pé ó yà, ẹ óò máa sọ fún un pé kó padà, kò ní gbọ́. Ìgbà yẹn, kì í ṣe pé kó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ sí i kó tó jáde, kó kọjú sí etí òkun kíá. Ohun tó ṣe ìka yẹn ti ń bọ̀ ní apá, ó ti ń bọ̀ ní ẹsẹ̀.

Àti pé bó bá jáde, kò tíì parí. Ara ṣì máa ń tutù sí i fún bíi ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí èèyàn ti kúrò nínú omi. Mo ti rí ẹni tó jáde tó ń ṣàwàdà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, kò lè di okùn bàtà. Kó bọ́ aṣọ tútù, kó nura, kó wọ aṣọ láti òkè wá sílẹ̀, kó dé fìlà, kó jókòó mu nǹkan gbígbóná. Kó má sáré lọ sábẹ́ omi gbígbóná, ó lè dákú síbẹ̀. Ògì ni mo máa ń rọ sínú fúláàsìkì, ògì bàbà, mo sì máa ń ta ìró mọ́ àyà láti fi pààrọ̀ aṣọ lórí òkúta wẹ́wẹ́ etí òkun yẹn. Kò sí yanrìn níbẹ̀ mà, òkúta ni.

Òkúta yẹn gan-an ló gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ ọn létí jù. Etí òkun Brighton dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ìgbì á wá já lórí òkúta yẹn pẹ̀lú agbára, á gba ẹsẹ̀ èèyàn, á fà á padà. Wíwọlé kì í nira tó jíjáde. Lọ́jọ́ kejì, ojú omi á tẹ́ rẹrẹ. Òkun á kún, á fà, á tún kún lọ́jọ́ kan náà, ibi tó jẹ́ òkúta láàárọ̀ á ti jin lọ́sàn-án. Bí òjò bá rọ̀ gan-an, ẹ̀gbin lè ṣàn wọ inú òkun, wọn kì í wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Lásìkò òtútù, àwọn tó ń ṣọ́ etí òkun lásìkò ooru kò sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kò sí òkun kan tí ara èèyàn "ti mọ́". Ti òní nìkan ló wà níwájú rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tó ti ń wọ òkun yẹn kí wọ́n tó bí mi. Kì í bọ́ aṣọ títí á fi dúró wo omi dáadáa. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ń wo ibi tí ìgbì ti ń já, ó ń wo ibi tí èèyàn á gbà jáde. Bó bá ti gbé báàgì rẹ̀ padà sí èjìká, gbogbo wa ti mọ̀ pé tíì ni ti ọjọ́ náà. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni rí, a ò sì bi í.

Nítorí náà, mà, bó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa bi í, ẹ bi í pé: ìgbà wo ló débẹ̀ kẹ́yìn, tó wo òkun, tó padà sílé láìwọ̀ ọ́? Bó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Abà:

Ẹ ṣé, ỌmọLísàbí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí àwọn òyìnbó tó ń mú un lọ lè má rántí bi í: mà, kí ni jínótáìpù ọmọ yín? Bó bá jẹ́ SS tàbí SC, kó má wọ òkun yẹn rárá, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Òtútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó ní àrùn náà, kó sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ara mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée, tàbí àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Kó má sì fi ọtí gbóná ara ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọtí á jẹ́ kí awọ ara gbóná, ooru inú á sì máa sá jáde.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń wọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ tó wá dáwọ́ gbígbọ̀n dúró tó ń tòògbé, kí wọ́n pe 999. Kí wọ́n gbé e kúrò lójú afẹ́fẹ́, kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ bò ó. Kí wọ́n má fi ọwọ́ ra á lápá lẹ́sẹ̀.

ỌmọOdò_Lafẹ́nwá:

N kò tíì rí òkun òyìnbó. Odò Ògùn ni tèmi, yanrìn la ń wà níbẹ̀, èmi àti bàbá mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní báyìí tí ọyẹ́ wà, ẹ wá wo odò náà: àpáta ti yọ orí, omi mọ́, ọmọdé lè rìn án kọjá láwọn ibì kan. Ẹni tó bá wẹ̀ níbẹ̀ lóṣù yìí á rò pé òun mọ̀ ọ́n. Kó padà wá ní September tàbí October. Omi yẹn á gbé igi ńlá, á gbé ọkọ̀. Kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ sí Abẹ́òkúta. Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún ni odò náà ti ń bọ̀, Òyán sì wọ inú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí ìsédò Òyán lọ́dún 1983, bí omi ibẹ̀ bá kún tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà. Ẹni tó ń wo ojú ọ̀run Abẹ́òkúta nìkan kò tíì wo odò. Bàbá mi kì í wo ọ̀run. Òpó afárá rélùwéè ló máa ń wò, ibi tí ilà omi dé lára rẹ̀. Bí omi bá ti pọ́n tó ń gbé ìfófòó àti ewé tútù bọ̀, á ní ká gbé ọkọ̀ sókè. A ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ebi ọjọ́ kan ni.

Mo rí ẹnìkan tó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pé òun fẹ́ lọ fi adágún Òyán kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ má lọ o. Àtọ̀sí ajá wà nínú omi yẹn, lára àwọn ìgbín inú omi ló ti ń jáde, ó sì ń gba awọ ara wọlé.

Tísà_Adìgbẹ:

Èmi ni mo béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé, mo ti gbọ́. Aberdeen, nílẹ̀ Scotland, ni mò ń lọ ní September, mo sì fẹ́ kí ara mi ti múra sílẹ̀. Ṣé omi ọyẹ́ tí mo fi ń wẹ̀ láàárọ̀ lè ràn mí lọ́wọ́? Àbí kí n da yìnyín sínú dúrọ́ọ̀mù?

ỌmọLísàbí:

Omi ọyẹ́ wa kò tutù tó yẹn, ṣùgbọ́n ẹ lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú èémí síta gùn-ún nígbà tí ara bá fẹ́ ta gìrì. Ti dúrọ́ọ̀mù oníyìnyín, ẹ má dá a ṣe. Èèyàn lè dákú sínú dúrọ́ọ̀mù bó ṣe lè dákú sínú òkun. September tẹ́ ẹ máa débẹ̀ dára: òkun wọn kì í gbóná ju ti August sí September lọ. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó ń wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ bá wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí omi ṣe ń tutù sí i, kẹ́ ẹ sì máa dín ìṣẹ́jú kù bó ti ń tutù. Bó bá di January kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró di ìgbà ooru.

ÌyáAládìrẹ_Ìtòkú:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àbúrò mi, Olúwa á dúró tì yín. Mo pè é lálẹ́ àná, mo sì bi í ní gbogbo rẹ̀. AA ni, mo mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó ní rírìn lòun ń rìn wọ̀ ọ́. Ti ìka, ó ní òun ti rí i rí, òun rò pé kò sí ohun tó túmọ̀ sí ni. Mo sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún un, ó ní "họ́wù!"

Nígbà tí mo wá bi í nípa pípadà sílé, ó dákẹ́. Ó ní lẹ́yìn ọdún tuntun, ìgbì ga, àwọn àgbà inú wọn ní kí gbogbo wọn lọ mu tíì. Ó ní inú bí òun, torí òun ti wọ bọ́ọ̀sì wá láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní kó bá mi kí àwọn àgbà yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì ṣèlérí fún mi pé òun kò ní dá lọ láé, pé bí wọn ò bá lọ, òun náà ò ní lọ. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ yẹn kì í bá mi ṣèlérí tí kò ní mú ṣẹ.

Ẹnìkan ń lọ síbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ tó lè bá mi gbé ẹrù díẹ̀. ỌmọLísàbí, kí ni mo lè fi ránṣẹ́ tó máa wúlò fún un?

ỌmọLísàbí:

Inú mi dùn púpọ̀ mà. Àwọn ohun tí wọ́n ń lò nínú omi, ọ̀hún ni kó ti rà á: ìbọ̀wọ́ àti bàtà onírọ́bà, àti bọ́ọ̀lù aláfẹ́fẹ́ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí kí ọkọ̀ ojú omi lè rí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lè rán èyí tó ṣòro rí: aṣọ tó máa bọ̀ sórí nígbà tó bá jáde. Ẹ mú àdìrẹ tó nípọn, kẹ́ ẹ fi aṣọ ìnura tẹ́ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ bí agbádá, kó lè bọ́ ti abẹ́ rẹ̀ kó sì wọ gbígbẹ láìyọ apá, kó gùn kọjá orúnkún. Kí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó láti bọ́ sórí fìlà. Ẹ má fi bọ́tìnnì sí i, ẹ má fi síìpù sí i, torí ìka rẹ̀ kò ní lè mú un. Àpò ńlá méjì níwájú, kí ọwọ́ lè wọ inú wọn.

Ẹ lè pa á láró bó ṣe wù yín. Fìlà tó ń dé sínú omi nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó pupa tàbí kó jẹ́ àwọ̀ ọsàn, torí ẹni tó dúró sétí òkun tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ lè rí orí rẹ̀ láàárín ìgbì.